Apá Karùn-ún

  

Bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá la sábà máa ń jíròrò lórí ètò eré ìdárayá yìí. Lálẹ́ òní, ẹ jẹ́ ká jọ rìnrìn àjò lọ sí Chicago ní Amẹ́ríkà, sí apá gúúsù ìlú náà, níbi tí ẹgbẹ́ béìsìbọ́ọ̀lù kan tí wọ́n ń pè ní White Sox fìdí kalẹ̀ sí. Ìgbà òtútù tó bẹ̀rẹ̀ ní ìparí ọdún 2004 tó sì wọ inú ọdún 2005 ni mo fẹ́ ká dúró lé lórí. Pápá dákẹ́ nígbà yẹn. Kò sẹ́ni tó ń ju bọ́ọ̀lù, kò sẹ́ni tó ń gbá a. Inú ọ́fíìsì àti orí tẹlifóònù ni eré wà. Ibẹ̀ gan-an, lójú tèmi, ni wọ́n ti gba ife tí wọ́n wá gbé sókè ní oṣù kẹwàá ọdún 2005.

Ẹni tó bá ti mọ eré yìí, kó bá mi ní sùúrù díẹ̀, nítorí ẹni tí kò rí i rí. Ẹnì kan á dúró láàárín pápá lórí òkìtì kékeré kan, bọ́ọ̀lù líle kan báyìí á wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ kejì á dúró ní iwájú rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, á di igi mú. Tàkọ́kọ́ á ju bọ́ọ̀lù, tìkejì á fẹ́ fi igi gbá a. Bó bá gbá a tó lọ síbi tí ọwọ́ kò ti tètè tó o, á sáré láti ibùdó kan bọ́ sí òmíràn. Bó bá sáré yí ibùdó wọ̀nyẹn po, tó padà síbi tó ti gbéra, àmì ayò kan nìyẹn. Bí bọ́ọ̀lù náà bá fò kọjá ọgbà pátápátá, ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ ni yóò fi yí i po, kò sẹ́ni tó lè dá a dúró. Bí wọ́n bá ti lé ènìyàn mẹ́ta kúrò lẹ́nu igi, ẹgbẹ́ méjèèjì á pààrọ̀ ipò. Abala mẹ́sàn-án ni wọ́n ń gbá lọ́jọ́ kan. Bí wọ́n bá ta ọ̀mì, wọ́n á máa bá a lọ títí ọ̀kan yóò fi borí.

Ẹ wá wo ẹni tó wà lórí òkìtì yẹn dáadáa, torí òun ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Gbogbo ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá lọ sẹ́yìn tó sì bọ̀ wá síwájú, gbogbo ara rẹ̀ ló ń fi jù ú, bọ́ọ̀lù náà sì lè sáré ju 90 máìlì láàárín wákàtí kan. Ó lè jù ú tó nǹkan bí 100 ìgbà lọ́jọ́ kan. Bó bá délé lálẹ́, èjìká rẹ̀ àti ìgúnpá rẹ̀ á máa sọ fún un. Kò ṣeé ṣe kó padà wá lọ́la. Ọjọ́ mẹ́rin ló máa ń sinmi, ó kéré tán, kó tó tún gun òkìtì náà. Nítorí náà, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan nílò ajùbọ́ọ̀lù márùn-ún tó lè bẹ̀rẹ̀ eré, kí wọ́n máa gbà á lọ́wọ́ ara wọn bí àwọn ọlọ́jà ọlọ́jọ́ márùn-ún.

Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 162 ni ẹgbẹ́ kan ń gbá láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Ẹ fi 5 pín in. Ẹnì karùn-ún, ẹni tí kò sẹ́ni tó ń kọ orúkọ rẹ̀ sára aṣọ, tí àwọn ọmọdé kì í béèrè fọ́tò rẹ̀, á gun òkìtì náà ní nǹkan bí 30 ìgbà láàárín ọdún kan. Ọgbọ̀n ọjọ́! Bí ilé oúnjẹ bá ní alásè mẹ́rin tí ọwọ́ wọn dùn, tí ìkarùn-ún sì ń jó ọbẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ bá débẹ̀ lọ́jọ́ tirẹ̀ kò ní fẹ́ mọ bí àwọn mẹ́rin yòókù ṣe mọ̀ ọ́n sè tó. Ibi tí àìsùn àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ ti ń wá nìyẹn nígbà òtútù: ta ni karùn-ún wa? Bí apá ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin bá sì já lójijì, ta ni kẹfà?

Ní ọdún 2004, White Sox kò tòṣì agbára rárá. Bọ́ọ̀lù 242 ni wọ́n gbá fò kọjá ọgbà lọ́dún yẹn, kò sì sí ẹgbẹ́ kan nínú American League, ìyẹn líìgì tí wọ́n wà, tó jù wọ́n lọ. Àmì ayò 865 ni wọ́n jẹ. Ẹni tó bá gbọ́ èyí á rò pé ife ti délé. Kò délé. Ìgbà 83 ni wọ́n borí, ìgbà 79 ni wọ́n fìdí rẹmi, àwọn Minnesota Twins sì gba ipò àkọ́kọ́ ní ẹ̀ka wọn mọ́ wọn lọ́wọ́. Ohun tí ọwọ́ kan ń kó wọlé ni ọwọ́ kejì ń tú dànù, torí àmì ayò 831 ni àwọn ẹgbẹ́ mìíràn jẹ lára tiwọn. Ipò karùn-ún láàárín àwọn ajùbọ́ọ̀lù wọn dà bí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kán. Wọ́n gbé ọ̀dọ́mọkùnrin kan jókòó sórí rẹ̀, ó ṣubú. Wọ́n gbé òmíràn síbẹ̀, òun náà ṣubú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe títí sáà fi parí.

Ẹ sì má gbàgbé ohun tó wà lọ́kàn àwọn ará apá gúúsù Chicago. Ọdún 1917 ni wọ́n ti gba ife World Series, ìyẹn ife tó ga jù lọ nínú eré náà, gbẹ̀yìn. Wọ́n fẹ̀sùn kan mẹ́jọ nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn pé wọ́n gba owó láti jẹ́ kí ẹgbẹ́ kejì na ẹgbẹ́ wọn nínú World Series ọdún 1919, wọ́n sì lé wọn kúrò nínú eré náà títí ayé. Láti ìgbà yẹn, bàbá ti kú fi ìrètí sílẹ̀ fún ọmọ, ọmọ ti kú fi sílẹ̀ fún ọmọ-ọmọ. Àwọn kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ojú sàréè ni wọ́n máa ń lọ ròyìn sáà kọ̀ọ̀kan fún àwọn òbí wọn.

Ọ̀gá tó ń bójú tó rírà àti títa agbábọ́ọ̀lù fún wọn nígbà náà ni Ken Williams, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún White Sox fúnra rẹ̀ nígbà èwe. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn nígbà náà ni Ozzie Guillén, ọmọ Venezuela, òun náà sì ti wọ aṣọ ẹgbẹ́ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn méjèèjì mọ ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀. Williams kò tiẹ̀ dúró de ìgbà òtútù. Ní oṣù kẹfà ọdún 2004, ó lọ mú Freddy García wá láti Seattle. Nígbà tó di ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù keje, ó fi Esteban Loaiza, ẹni tó borí nígbà 21 lọ́dún 2003, ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú àwọn Yankees ti New York, ó sì gba José Contreras. Wọ́n ti ní Mark Buehrle àti Jon Garland nílé tẹ́lẹ̀. Ajùbọ́ọ̀lù mẹ́rin nìyẹn.

Ìgbà òtútù wá dé. Magglio Ordóñez, ọ̀kan nínú àwọn òpó ilé wọn, fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Ní oṣù kejìlá, Williams ṣe ohun tó mú kí ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ ẹgbẹ́ náà mi orí. Ó mú Carlos Lee, ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù 31 kọjá ọgbà lọ́dún yẹn, ó fún àwọn Milwaukee Brewers. Scott Podsednik ló gbà padà, ọkùnrin tí agbára rẹ̀ wà nínú ẹsẹ̀, pẹ̀lú Luis Vizcaíno tó jẹ́ ajùbọ́ọ̀lù arọ́pò. Ta ló ń ta akọ màlúù láti ra ẹṣin? Ṣùgbọ́n Podsednik ti jí ibùdó 70 lọ́dún yẹn, ìyẹn ni pé ó sáré gba ibùdó nígbà tí ajùbọ́ọ̀lù ń wo ibòmíràn, kò sì sẹ́ni tó tó o nínú eré náà. Owó tún wà nílẹ̀ nígbà òtútù yẹn. Òun ni wọ́n pín káàkiri bí ìyàwó ilé tó mọ ọjà á ṣe ná owó oúnjẹ: díẹ̀ fún Jermaine Dye, díẹ̀ fún Dustin Hermanson, díẹ̀ fún A.J. Pierzynski tí San Francisco ti dá sílẹ̀, díẹ̀ fún Tadahito Iguchi tó ń bọ̀ láti Japan. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ìròyìn rẹ̀ gba gbogbo ojú ìwé ìròyìn.

Ní oṣù kejìlá yẹn kan náà, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Angels yọ orúkọ ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Bobby Jenks kúrò nínú ìwé wọn. Apá rẹ̀ ti ń yọ ọ́ lẹ́nu, ìwà rẹ̀ sì ti sú wọn. Òfin eré náà ni pé bí ẹgbẹ́ kan bá ṣe báyìí, ẹgbẹ́ mìíràn lè nawọ́ gán ẹni náà ní owó tí kò tó nǹkan. Williams nawọ́. Mo fẹ́ kí ẹ rántí orúkọ Jenks yìí.

Ẹnì karùn-ún ńkọ́? Orlando Hernández ni wọ́n mú. El Duque ni ìnagijẹ rẹ̀, bí ìgbà tí àwa bá pe ènìyàn ní Olóyè. Owó mílíọ̀nù 8 dọ́là fún ọdún méjì ni wọ́n bá a ṣe àdéhùn lé lórí. Àwọn Yankees ló ń bá gbá tẹ́lẹ̀, ó sì ti bá wọn gba ife lọ́dún 1998, 1999 àti 2000. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi abẹ ya èjìká rẹ̀, gbogbo ọdún 2003 ló sì fi jókòó sílé. Ó padà wá láàárín ọdún 2004, ó borí nígbà mẹ́jọ, ó pàdánù méjì péré, síbẹ̀ àwọn Yankees jẹ́ kó máa lọ. Ó ti ń súnmọ́ ẹni 40 ọdún. Ní iṣẹ́ tí èjìká ń ṣe, àgbàlagbà nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ sọ́dọ̀ ọkùnrin yìí, torí pé láti Cuba ló ti wá, Cuba kì í sì í ṣe ilẹ̀ àjèjì fún àwa. Ẹ̀jẹ̀ wa wà níbẹ̀. Títí di òní, àwọn ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ Yorùbá ń kí Ṣàngó, wọ́n ń kí Yemọja àti Ọ̀ṣun ní èdè tí wọ́n ń pè ní Lukumí. Béìsìbọ́ọ̀lù ló sì wà lọ́kàn àwọn ará erékùṣù yẹn bí bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ṣe wà lọ́kàn tiwa. Ojú pópó ni àwọn ọmọ wọn ti ń gbá a, igi tí wọ́n bá rí ni wọ́n ń lò. Ìjọba Cuba kò jẹ́ kí àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn lọ gba owó ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1996, wọ́n ní El Duque kò gbọdọ̀ gbá bọ́ọ̀lù mọ́ láéláé, lẹ́yìn tí àbúrò rẹ̀, Liván, ti sá lọ. Ní àkókò ọdún Kérésìmesì 1997, òun náà wọ ọkọ̀ ojú omi, ó sá kúrò nílùú. Lórí erékùṣù kékeré kan ní ìhà Bahamas ni wọ́n gúnlẹ̀ sí. Ẹni tó bá ti dúró lórí òkúta láàárín òkun, tí kò mọ ẹni tí yóò wá gbé e, ẹ̀rù kí ni yóò tún bà á lórí òkìtì béìsìbọ́ọ̀lù?

Contreras náà, ọmọ Cuba ni, láti ìhà Pinar del Río. Mexico ló ti sá kúrò láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́dún 2002. Ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì ṣẹ́kù sílé, ó sì tó oṣù kẹfà ọdún 2004 kí wọ́n tó fojú kan ara wọn, àwọn náà bá ojú omi wọ Florida. Nígbà tó wà ní New York, àwọn ènìyàn máa ń sọ pé apá rẹ̀ dára ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Báwo ni yóò ṣe balẹ̀? Mo gbà pé nígbà tí Williams ń mú El Duque wá sí Chicago, kì í ṣe ajùbọ́ọ̀lù karùn-ún nìkan ló rà. Ẹ̀gbọ́n ló rà fún Contreras, ẹni tó gbọ́ èdè rẹ̀, tó mọ ìlú rẹ̀, tó mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Láàárín oṣù díẹ̀, Contreras di ẹlòmíràn. Ìgbà 15 ló borí lọ́dún 2005, mẹ́jọ tó kẹ́yìn níbẹ̀ sì jẹ́ léraléra.

Sáà tuntun bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù kẹrin ọdún 2005. Buehrle gun òkìtì, wọ́n sì na Cleveland ní àmì ayò 1 sí òdo. Láàárín wákàtí méjì, gbogbo rẹ̀ ti parí. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, 1 sí òdo. Ní ìparí sáà, àmì ayò 741 ni White Sox jẹ, ó dín ní 124 sí ti ọdún tó ṣáájú. Ṣùgbọ́n 645 péré ni wọ́n jẹ lára wọn, ó dín ní 186. Wọ́n borí nígbà 99. Ohun tí wọ́n lọ wá ní ìgbà òtútù nìyẹn, wọ́n sì rí i.

Kò rọrùn o. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 15 ni wọ́n fi ṣáájú ẹni tó tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí oṣù kẹsàn-án ń lọ sópin, Cleveland ti lé wọn dé bèbè, ó ku ọ̀kan àti ààbọ̀. Ẹ̀rù ba àwọn ará apá gúúsù. Àwọn tó mọ ìtàn 88 ọdún náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í tu ara wọn nínú ṣáájú àkókò. Orí yọ wọ́n.

El Duque fúnra rẹ̀ kò ṣe dáadáa lọ títí. Ara ń dùn ún, wọ́n ní láti dá a dúró láwọn ìgbà kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ga bí òpó iná, Brandon McCarthy, ló sì ń dí àlàfo rẹ̀. Ọmọ náà ju bọ́ọ̀lù dé ibi pé ní oṣù kẹsàn-án, ó lọ sí Boston, ó sì ju abala méje láì jẹ́ kí wọ́n rí àmì ayò kan jẹ. Ìyẹn ni ẹnì kẹfà tí mò ń wí. Ẹgbẹ́ tí kò bá ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nípamọ́, oṣù kẹjọ ni wọn ò ti ní sí níbẹ̀ mọ́. Nígbà tí sáà parí, El Duque borí nígbà mẹ́sàn-án, ó pàdánù nígbà mẹ́sàn-án, àmì ayò tí wọ́n ń jẹ lára rẹ̀ láàárín abala mẹ́sàn-án sì ju 5 lọ.

Àkókò wá tó láti kọ orúkọ àwọn 25 tí wọn yóò mú lọ sí ìdíje àṣekágbá. Àyè ẹnì kan ló kù. Ṣé McCarthy ni kí wọ́n mú ni, àbí El Duque? Gbogbo ìlú ló dá sí i. Ẹni tó bá wo ìwé ìṣirò nìkan, ọmọ yẹn ni yóò mú. El Duque ni Guillén mú. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Èmi kò lè bá Guillén jiyàn lórí èyí, kódà ká ní ọ̀rọ̀ náà kò yọrí síbi tó yọrí sí.

Ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá ọdún 2005. Boston. Pápá Fenway. Àwọn Red Sox tí wọ́n wà nílé níbẹ̀ ni wọ́n gba ife lọ́dún tó ṣáájú. White Sox ti nà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì ní Chicago, bí wọ́n bá nà wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i, ó parí. Wọ́n wà ní abala kẹfà, White Sox ní 4, Red Sox ní 2. Manny Ramírez gbá bọ́ọ̀lù kan fò kọjá ògiri. Ó di 4 sí 3. Wọ́n mú García kúrò, wọ́n gbé Dámaso Marte síbẹ̀. Marte kò lé ẹnikẹ́ni kúrò. Ká tó ṣẹ́jú pẹ́ẹ́, àwọn Red Sox ti wà ní ibùdó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sì tíì sí ẹnì kan tó kúrò lẹ́nu igi. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ eré yìí, ẹ fi wé pẹnáritì mẹ́ta léraléra tí gólì gbọ́dọ̀ mú gbogbo rẹ̀. Bọ́ọ̀lù lásán tó bá fò díẹ̀ sí ẹ̀yìn pápá ti tó láti sọ ọ́ di ọ̀mì. Àwọn ènìyàn inú Fenway ti dìde dúró, ariwo wọn ń mi ilé.

Guillén jáde, ó sì na ọwọ́ sí El Duque.

Ó rìn wá. Kò sáré. Ó fa ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ sókè dé orúnkún bó ṣe máa ń ṣe. Ẹni tó bá ti wò ó rí á rántí bó ṣe máa ń ká ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ sókè títí orúnkún yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n, tí ẹni tó di igi mú kò ní mọ ibi tí bọ́ọ̀lù yóò ti yọ. Jason Varitek ló kọ́kọ́ dé iwájú rẹ̀. Ó gbá a sókè lásán, wọ́n hán an. Ó ku méjì. Tony Graffanino dé. Òun kò fẹ́ lọ. Bọ́ọ̀lù mẹ́wàá ni El Duque jù sí i, Graffanino ń gbá wọn dànù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ìkẹwàá ló gbá sókè, wọ́n hán an. Ó ku ẹyọ kan. Johnny Damon dé, ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá, tó mọ̀ ọ́n sá. Bọ́ọ̀lù mẹ́ta ti lọ sí ibi tí kò yẹ, méjì ti wọlé. Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ló kù. Ajùbọ́ọ̀lù tí ẹ̀rù bá ń bà á ju èyí tó tọ́ sí àárín gbùngbùn lákòókò yẹn, kó má baà fún wọn ní àmì ayò ọ̀fẹ́. El Duque ju èyí tó ń yí, tó ń lọ sílẹ̀ bí ẹyẹ tó rí kòkòrò. Damon na igi díẹ̀, ó fẹ́ fà á padà, ó ti pẹ́ jù. Ó kúrò.

Fenway dákẹ́ bí ilé tí wọ́n ti kó ẹrù kúrò. El Duque tún jù ní abala keje, ó jù ní ìkẹjọ. Abala mẹ́ta, ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n rí gbá lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ló wá parí abala kẹsàn-án? Jenks, ẹni tí àwọn Angels yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé. White Sox borí ní 5 sí 3, Boston kó ẹrù rẹ̀. Mo ti wo fídíò abala kẹfà yẹn lọ́pọ̀ ìgbà, mo sì mọ bí ó ṣe parí, síbẹ̀ àyà mi ṣì máa ń já nígbà tí Graffanino bá ń gbá wọn dànù.

Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn mẹ́rin yòókù ló ṣe ohun tí ojú kò rí rí láti ọdún 1956. Nígbà tí wọ́n bá àwọn Angels pàdé, wọ́n pàdánù ti àkọ́kọ́. Buehrle, Garland, García àti Contreras wá ju ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, olúkúlùkù ní ọjọ́ tirẹ̀, láì pe arọ́pò kankan. Ní gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ márùn-ún yẹn, ènìyàn méjì péré ni àwọn arọ́pò lé kúrò lẹ́nu igi. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ló parí rẹ̀.

World Series pẹ̀lú Houston, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀, torí mẹ́rin sí òdo ló parí sí. Ṣùgbọ́n alẹ́ kẹta kò ṣeé fò. Abala 14 ni wọ́n gbá, wákàtí márùn-ún àti ìṣẹ́jú 41. Ọ̀gànjọ́ òru ti kọjá. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ti ń tán lórí ìjókòó. Guillén gbé Geoff Blum wọlé, ọkùnrin kan tí Williams rà láti San Diego ní òpin oṣù keje, arọ́pò àwọn arọ́pò. Blum gbá bọ́ọ̀lù kan báyìí, ó fò kọjá ògiri. Nígbà tí wọ́n nílò ẹni tí yóò ju bọ́ọ̀lù tó kẹ́yìn, Buehrle ni wọ́n pè, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ eré alẹ́ kejì. Podsednik ńkọ́, tí wọ́n fi Lee tó ń gbá bọ́ọ̀lù kọjá ọgbà pààrọ̀? Kò gbá ẹyọ kan kọjá ọgbà ní gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 162 lọ́dún yẹn. Alẹ́ kejì World Series ló gbá èyí tó parí eré.

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá, García ju abala méje ní Houston láì jẹ́ kí wọ́n rí nǹkan kan jẹ. Dye gbá bọ́ọ̀lù kan sí àárín pápá ní abala kẹjọ, Willie Harris, arọ́pò mìíràn, sáré wọlé. Jenks parí rẹ̀. Àmì ayò 1 sí òdo, bó ṣe rí lọ́jọ́ tí sáà bẹ̀rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ọdún 88 ti parí.

Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, wọ́n gbé wọn yí ìlú Chicago ká, bébà ń rọ̀ bí òjò láti orí àwọn ilé gogoro, El Duque wà láàárín wọn. Ìgbà òtútù tún ti dé nìyẹn. Pápá tún dákẹ́. Tẹlifóònù tún ń dún lórí tábìlì Ken Williams. Buehrle wà, García wà, Contreras wà, Garland wà, ọmọ yẹn McCarthy ń dúró de àyè. Ní oṣù kejìlá, kó tó pé oṣù méjì tí wọ́n gba ife, Williams fi El Duque ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú Arizona, ó sì mú Javier Vázquez wá.

Ẹnì karùn-ún ló ṣì ń wá.